Fóònù Kò Lè Tẹ Ikùn Wò: Bí Aboyún Ṣe Máa Pa Ìpè Pọ̀ Mọ́ Kílíníkì Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, irú aboyún méjì ni mo ń bá pàdé. Ọ̀kan ń wá sí kílíníkì fún ohun gbogbo, á jókòó sáàárín èrò fún wákàtí mẹ́ta, torí kí wọ́n lè sọ fún un pé kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Èkejì kò wá mọ́ rárá. Ó ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ń pè, wọ́n á kí ara wọn dáadáa, ó sì gbà pé òun ti gba ìtọ́jú.

Èkejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí n'Ìbàdàn. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní, "Ṣé ara le?" Ó ní, "A dúpẹ́ mà. Orí ló kàn ń fọ́ mi díẹ̀." Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kẹ́míìsì tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn, kí wọ́n bá a wo BP. 168/112 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn kí gìrì tó mú un, òun àti ọmọ yè é. Ká ní mo ti gba "a dúpẹ́" yẹn bí ìdáhùn ni, mi ò ní fẹ́ ronú ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá já sí.

Fóònù wúlò púpọ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ń gba àwòrán, ó ń dín ìrìn àjò kù nígbà tí àrùn wà níta. Ṣùgbọ́n kò lè fa ẹ̀jẹ̀, kò lè gún abẹ́rẹ́, kò lè tẹ ikùn wò. Bí ẹ ṣe máa lo méjèèjì kí ọ̀kan má di ìdíwọ́ fún èkejì ni mo kọ síbí, fún aboyún àti fún ẹni tó ń bá a gbé.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dín kílíníkì kù

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá wà lára yín kí oyún tó dé, bí ẹ bá jẹ́ SS, bí oyún bá ju ẹyọ kan lọ, bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí yín rí, bí oyún bá ti bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù márùn-ún rí, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà nínú oyún tó wà lára yín báyìí, ẹ máa lọ sí kílíníkì bí wọ́n ṣe dá a fún yín. Dókítà nìkan ló lè yọ ọjọ́ kan kúrò níbẹ̀. Ìpè fóònù lè kún un, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ẹ̀rọ BP tí wọ́n ń wé mọ́ apá òkè. Ẹ má ra ti ọrùn ọwọ́, ó máa ń ṣi kíkà. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀, aboyún méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò kan lè dá owó jọ ra ọ̀kan, kí wọ́n máa fi sánítáísà nù ún.
- Tẹmómítà.
- Ike kékeré tí pépà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò wà nínú rẹ̀. Kẹ́míìsì ńlá ń tà á.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
- Nọ́ńbà méjì ní kílíníkì: ti nọ́ọ̀sì yín, àti ti yàrá ìgbẹ̀bí tí wọ́n ń gbé lóru.
- Káàdì ìpè tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ohun mìíràn, àti páwà báńkì. Iná lè má wá ní ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ jù.
- Àwòrán káàdì kílíníkì yín, iwájú àti ẹ̀yìn, lórí fóònù yín àti lórí fóònù ẹlòmíràn nílé.
- Ẹnìkan tó ní mọ́tò, tó sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn.

1. Ẹ mọ ọjọ́ orí oyún náà ní ọ̀sẹ̀

"Oṣù márùn-ún ààbọ̀" kò tó nọ́ọ̀sì í lò lórí fóònù. Ẹ rántí ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ méje kún un, kí ẹ wá ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà: 10 àti 7 jẹ́ 17, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jẹ́ oṣù kẹta. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni a ń retí ọmọ. Láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù yẹn bẹ̀rẹ̀ náà ni ẹ ti máa ka ọ̀sẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń fi oyún pamọ́ títí ikùn á fi yọ. Mo mọ ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ẹ fi í pamọ́ fún àdúgbò, ẹ má fi í pamọ́ fún kílíníkì. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní oṣù keje ti pàdánù scan tó máa ń sọ ọjọ́ orí oyún dáadáa, ó sì ti pàdánù ìgbà tí a lè rí àìtó ẹ̀jẹ̀ ká tètè tún un ṣe.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lè sọ "ọ̀sẹ̀ 23 àti ọjọ́ méjì" láì ronú, ọjọ́ tí ẹ ń retí sì bá ti inú káàdì mu. Bí méjèèjì bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ jìnnà síra, ẹ béèrè èyí tí kílíníkì ń tẹ̀ lé.

2. Ẹ pín àwọn ọjọ́ náà

Láti ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ẹ̀ẹ̀mẹjọ ó kéré tán: kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. Nígbà Kòrónà, àwọn dókítà aláboyún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúkojú sílẹ̀ bí ohun tí kò gbọ́dọ̀ dín, wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ aboyún ní ẹ̀rọ BP mú lọ sílé. Bí mo ṣe ń pín in fún àwọn tí oyún wọn kò ní wàhálà nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 12, kílíníkì. Ọjọ́ yìí ló pọ̀ jù. Irú ẹ̀jẹ̀ yín, genotype, PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára), àyẹ̀wò HIV, hepatitis B àti syphilis, ìtọ̀, BP, ìwọ̀n ara. Ẹ gbé ẹ̀rọ BP yín lọ, kí wọ́n fi wé tiwọn.

Ọ̀sẹ̀ 16, fóònù. Ẹ béèrè lórí ìpè yìí bóyá kí ẹ yà gba Fansidar (oògùn tó ń dènà ibà fún aboyún) àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, láì jókòó.

Ọ̀sẹ̀ 20, kílíníkì. Scan, abẹ́rẹ́ tetanus, Fansidar. Ẹ má jẹ́ kí scan kọjá ọ̀sẹ̀ 24. Ilẹ̀ ìbejì ni ilẹ̀ wa, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Igbó-Ọrà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pé méjì ni.

Ọ̀sẹ̀ 26, kílíníkì. PCV lẹ́ẹ̀kejì, àyẹ̀wò ṣúgà, Fansidar, abẹ́rẹ́ tetanus kejì bí wọn kò bá tíì gún un. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ "negative", ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ anti-D, torí ọ̀sẹ̀ 28 ni wọ́n máa ń gún un.

Ọ̀sẹ̀ 30, fóònù.

Ọ̀sẹ̀ 34, kílíníkì. BP, ìtọ̀, kí wọ́n fi téèpù wọn ikùn, Fansidar.

Ọ̀sẹ̀ 36, kílíníkì. Kí ọwọ́ ènìyàn tẹ ikùn, kí wọ́n mọ̀ bóyá ọmọ ti dorí kodò. Kò sí fídíò tó lè ṣe èyí.

Ọ̀sẹ̀ 38, fóònù. Ọ̀sẹ̀ 40, kílíníkì.

Ohun méjì ni wọ́n ń gbàgbé níbí. Àkọ́kọ́ ni Fansidar. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ló ti tọ́ láti lò ó, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí oṣù kan sì wà láàárín ìkan àti ìkejì. Ẹni tó bá ń lo Septrin nítorí HIV kò gbọ́dọ̀ fi Fansidar kún un. Ẹ sì wo ara páálí folic acid yín: 0.4 mg kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n 5 mg máa ń ba iṣẹ́ Fansidar jẹ́. Bí ti yín bá jẹ́ 5 mg, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí nọ́ọ̀sì. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni fóònù mọ̀ ọ́n ṣe. Èkejì: bí kò bá sí ẹ̀rọ BP nílé, ọjọ́ fóònù kò tíì di ọjọ́ ìtọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo BP ní kẹ́míìsì tàbí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ tó pè.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti wà nínú ìwé pẹ̀lú déètì, "K" tàbí "F" sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ti rí i, ó sì ti gbà á.

3. Ẹ wo BP bí ó ṣe tọ́

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀, torí nọ́ńbà tí kò tọ́ burú ju àìní nọ́ńbà lọ.

Ẹ kọ́kọ́ tọ̀. Ìtọ̀ tó kún inú àpò máa ń gbé BP ga. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kì í ṣe àpótí ìdáná, kì í ṣe etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láì sọ̀rọ̀, láì wo WhatsApp. Ẹ yọ apá aṣọ. Wíwé ẹ̀rọ lé orí àǹkárá kò dára. Ẹ gbé apá lé tábìlì tàbí ìrọ̀rí kí ó bá ọkàn yín dọ́gba. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti aago.

Bí apá yín bá tóbi, tí okùn ẹ̀rọ náà sì há, nọ́ńbà rẹ̀ máa ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ra okùn tó gbà yín. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n fi oògùn BP rọ̀gbà yí ká fún oṣù méjì, tó jẹ́ okùn kékeré ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó títí di ọ̀sẹ̀ 34, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bó ṣe máa ń jẹ́ yàtọ̀ láti ara sí ara, ṣùgbọ́n àwọn ààlà yìí kò yàtọ̀:

- Bí nọ́ńbà òkè bá dé 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ bá dé 90: ẹ sinmi ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wò. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.
- Bí òkè bá dé 160, tàbí ìsàlẹ̀ bá dé 110: ẹ gbéra. Inú mọ́tò ni kí ẹ ti pè.
- Bí orí bá ń fọ́ yín burúkú, tí ojú ń ṣú tàbí ń rí bí ìràwọ̀, tàbí tí abẹ́ àyà ń dùn yín lápá ọ̀tún: ẹ lọ, kódà bí ẹ̀rọ bá ní 120/80.

Ti ìtọ̀: ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà lọ, ẹ gba ti àárín. Ẹ rì pépà bọ̀ ọ́, kí ẹ dúró iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ sára ike, kí ẹ tó fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara ike. Ẹni tó bá wò ó pẹ́ jù máa rí àrùn tí kò sí. Bí protein bá jẹ́ +1, ẹ pè lọ́jọ́ náà. +2 lọ sókè, ẹ lọ.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn nílé ka àwọn ìgbésẹ̀ BP òkè yìí sókè bí ẹ ṣe ń wo BP. Bí kò bá rí nǹkan kan tí ẹ fò, tí nọ́ńbà méjèèjì sì sún mọ́ra, nọ́ńbà yín ṣe é gbé fún dókítà.

4. Ìpè náà fúnra rẹ̀

Ẹ ti wo BP, ẹ ti yẹ ìtọ̀ wò, ìwé wà níwájú yín. Ẹ kí nọ́ọ̀sì bí ó ti yẹ kí ọmọlúàbí kí ènìyàn, kí ẹ wá ka nǹkan wọ̀nyí fún un bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn: orúkọ àti nọ́ńbà káàdì, ọ̀sẹ̀ oyún, BP tó kẹ́yìn àti ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìtọ̀, bí ọmọ ṣe ń mira, ohun tó ń dùn yín, oògùn tó ṣẹ́kù. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni ìkíni. A kọ́ wa láti kékeré pé bí àgbà bá ní "Ṣé àlàáfíà ni?" "adúpẹ́" ni à ń dá a lóhùn, kódà bí ẹsẹ̀ ti wú. Ó dára lójú ọ̀nà. Lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ó lè pani. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sórí "ara le". Ẹ béèrè pé, "Kí ni BP yín láàárọ̀ yìí?" Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ ní kí wọ́n lọ gbà á wá.

Ẹ jáde kúrò níbi tí ènìyàn pọ̀ sí. Nígbà kónílé-ó-gbélé, gbogbo ilé ló wà nínú yàrá kan. Ìyàwó kò lè sọ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń kán lójú ara òun, kò sì lè sọ níwájú ọkọ pé ọkọ náà ti gbá òun ní ikùn. Bí ẹ kò bá lè jáde, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ máa bi mí, màá ní bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́." Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n máa mọ ohun tó yẹ kó bi yín.

WhatsApp dára fún àwòrán páálí oògùn, èsì àyẹ̀wò, ẹsẹ̀ tó wú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó fi ohùn ránṣẹ́ láago méjì òru pé omi ti da, kó wá máa dúró kí àmì aláwọ̀ búlúù yọ. Ẹ gbéra, kí ẹ máa pè lójú ọ̀nà. Bí wọn kò bá gbé e, ẹ pe nọ́ńbà kejì. Bí ìyẹn náà kò bá gbé e, ẹ ṣáà máa lọ.

Yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó gé ìpè, ẹ tún ohun tí nọ́ọ̀sì sọ sọ padà fún un ní ẹnu ara yín: oògùn wo, ẹ̀ẹ̀melòó, ọjọ́ wo ni a tún máa ríra, níbo. Bí ó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Ẹ mọ ìṣe ọmọ yín

Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24 ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń mọ̀ pé ọlẹ̀ ti sọ. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ yan wákàtí kan tí ọmọ máa ń ta pùpù jù, bóyá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ẹ máa kà á. Bí kò bá pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni bí ó bá yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń ṣe, kódà bí iye rẹ̀ bá pé.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní ọmọ máa ń sinmi bí ọjọ́ ìbí bá kù díẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ má sì dúró di ọjọ́ ìpè. Ẹ má fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọkàn ọmọ kí ẹ wá padà lọ sùn. Ó lè jẹ́ ìró ọkàn ìyá ni wọ́n ń gbọ́.

6. Ọjọ́ kílíníkì

Ẹ pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: ṣé wọ́n ṣí, aago mélòó, ẹnu ọ̀nà wo ni aboyún ń gbà? Bí ikọ́, ibà tàbí àìgbóòórùn bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù. Wọ́n máa sọ ibi tí ẹ máa gbà wọlé. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti má lọ, ẹ má sì fi ara yín pamọ́ sáàárín èrò. Ní Nàìjíríà, 6232 ni nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn.

Ìbòmú lójú, ẹnìkan ṣoṣo tẹ̀ lé yín, ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé yín fún ọjọ́ náà sókè fún nọ́ọ̀sì: abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, Fansidar. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan níbẹ̀ á tún wọ mọ́tò wá torí rẹ̀.

Yẹ̀ ẹ́ wò: gbogbo ohun tí fóònù kò lè ṣe ní oṣù náà ni wọ́n ti fàmì sí lórí káàdì.

7. Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pè kí ẹ tó lọ

Ẹ̀jẹ̀ dà. Omi da kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Gìrì tàbí ìdákú. Èémí kò tó. Ibà tó dé 38. Ikùn ń dùn láì dáwọ́ dúró. Ojú àti ọwọ́ wú lójijì. Ọmọ kò mira. Fún gbogbo wọn, ilé ìwòsàn ni, kò sí ti kẹ́míìsì, kò sí ti àgbo. L'Ékòó, 112 ni ẹ lè pè fún ọkọ̀ pàjáwìrì.

Ìséde máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn lóru. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, láago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n fi ń ti ọ̀nà. Ẹ fi káàdì kílíníkì sí òkè báàgì, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó wakọ̀ lè nà án sí ọlọ́pàá láti ojú fèrèsé. Kí iná inú mọ́tò wà ní títàn.

Yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ òní: ẹ pe ẹni tó ní mọ́tò yẹn. Ẹ bi í bóyá ó máa gbé fóònù láago méjì òru, bóyá epo wà nínú mọ́tò, bóyá ó mọ ẹnu ọ̀nà tí ilé ìwòsàn ń ṣí lóru. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá ẹlòmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.